Ṣé Ẹ Mọ̀? Ìró Tí Etí Kì Í Gbọ́ àti Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Yẹ Kó Wá Mọ́

Àwọn ìyá wa Yorùbá tó ń gbé Dichemso ní Kumasi, ní Ghana, kì í fi ọ̀rọ̀ ọjà pamọ́ fún ara wọn, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé mì: ẹ̀jẹ̀ tó yọ lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró láti ọdún pípẹ́. Ẹnìkan á ní ara òun ló ń padà di ti ọ̀dọ́. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ń ṣe òun. Ẹlòmíràn á kàn fọ aṣọ rẹ̀, á sì dákẹ́. Nítorí wọn ni mo ṣe kó àwọn ohun ìyanu wọ̀nyí jọ, àti nítorí àwọn ọmọ wọn tó lè mú wọn lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀kán kan pàápàá tó ohun tí a fi ń lọ rí dókítà?

Bí obìnrin bá ti lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún tàbí oògùn ló dá a dúró, àwọn oníṣègùn gbà pé nǹkan oṣù rẹ̀ ti tán. Láàárín ọdún 45 sí 55 lèyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin lágbàáyé. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀jẹ̀ kankan kì í jẹ́ nǹkan oṣù mọ́. Ìbáà pọ̀, ìbáà jẹ́ àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú lára àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìbáà wá lẹ́ẹ̀kan péré kó sì lọ, ó yẹ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Bí ó ti pọ̀ tó kọ́ ló ń sọ bí ó ti léwu tó.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń rí ẹ̀jẹ̀ yìí ni kò ní jẹjẹrẹ?

Ní 2018, àwọn olùwádìí kan kó èsì ìwádìí 129 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú rẹ̀ lé ní 40,000. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ yọ lára wọn lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró, nǹkan bí 9 ló ní jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ. Nítorí náà, kí ìyá tó rí ẹ̀jẹ̀ má ṣe rò pé ikú ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí i padà wò: nínú 100 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ, nǹkan bí 90 ló ti rí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ló máa ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọlé. Èyí máa ń ké síta kó tó gbilẹ̀. Bí wọ́n bá bá a nígbà tó ṣì wà nínú ilé ọmọ nìkan, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ ilé ọmọ sábà máa ń kápá rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tó sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà?

Gbígbẹ ara ni. Nígbà tí ilé ẹyin bá ti simi, tí ara kò pèsè họ́mónù ẹsítírójìn bíi tàtijọ́ mọ́, awọ ojú ara àti awọ inú ilé ọmọ á gbẹ, á fẹ́lẹ́, díẹ̀ báyìí á sì mú un bó. Òmíràn ni pólíìpù, ẹran kékeré tó máa ń hù sínú ilé ọmọ. Awọ inú ilé ọmọ sì tún lè nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí wọ́pọ̀ lára ẹni tó sanra, torí pé ọ̀rá ara ń pèsè ẹsítírójìn tirẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ilé ẹyin ti simi. Oògùn tamoxifen, tí wọ́n ń fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, náà lè mú kí awọ yìí nípọn. Ẹ rí i pé okùnfà yàtọ̀ síra, ìtọ́jú wọn náà yàtọ̀ síra, kò sì sí èyí tí a lè fi ojú lásán mọ̀ láti ìta. Ibẹ̀ ni síkáànù ti wúlò.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìró ni síkáànù fi ń ríran?

Etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ẹ̀rọ síkáànù ń rán sínú ara obìnrin ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 9. Ó ń sáré nínú ẹran ara ní nǹkan bíi mítà 1,540 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹni tó kígbe sí ẹsẹ̀ òkè ṣe ń gbọ́ gbohùngbohùn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìró yìí ń lu ẹran ara tó sì ń padà. Kọ̀ǹpútà á ka iye àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀, á sì fi ya àwòrán. Kò sí ìtànṣán bíi ti X-ray nínú rẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa ikùn kí wọ́n tó gbé orí ẹ̀rọ lé e.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òkúta kan ló bí iṣẹ́ yìí?

Ní 1880, ní Paris, Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ṣàkíyèsí pé bí a bá tẹ irú òkúta dídán kan bíi quartz, iná mànàmáná á yọ lára rẹ̀. Bí a bá sì fi iná sí i, òkúta náà á gbọ̀n. Ohun tó bá ń gbọ̀n ló ń mú ìró jáde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Paul Langevin lo ìmọ̀ yìí láti wá ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi. Títí dòní, ìlànà kan náà ló wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ikùn aboyún.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ irin ni síkáànù obìnrin ti bẹ̀rẹ̀?

Ian Donald jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú àwọn obìnrin ní Yunifásítì Glasgow, ní Scotland. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Bírítéènì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ nípa rédà, ẹ̀rọ tó ń wá ohun tó wà lọ́nà jíjìn. Ní oṣù Keje 1955, ó lọ sí ilé iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew. Níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìkòkò irin ńláńlá tó ń se omi di ooru, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ojú ibi tí irin ti sán. Donald kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó di iju àti kókó olómi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára àwọn obìnrin sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Àwọn ará ilé iṣẹ́ náà mú ègé ẹran màlúù ńlá kan wá kí wọ́n lè fi wé e. Wọ́n gbé ẹ̀rọ irin lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i kedere: ìró tó padà látinú iju kò jọ èyí tó padà látinú kókó olómi.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1958, Donald, dókítà John MacVicar àti ẹnjiníà Tom Brown tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Lára àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò láyé ìgbà náà ni ìyá kan, ẹni ọdún 64, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tó ń rù, tó sì ń bì. Àwọn dókítà ti ní jẹjẹrẹ ikùn ni, pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Ìró fi hàn pé kókó olómi ńlá kan ni, láti ara ilé ẹyin. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìyá náà yè. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, ohun tó wọ̀ mí lára ni pé ìyá àgbà tí wọ́n ti sọ̀rètí nù nípa rẹ̀ wà lára àwọn tí ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ gbà là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ọmọ inú ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró ló mú kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú wo inú ilé ọmọ?

Ní 1869, dókítà kan tó ń jẹ́ Pantaleoni tọ́jú obìnrin ẹni 60 ọdún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò dá. Ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń wo inú àpò ìtọ̀ wọ ilé ọmọ rẹ̀, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì rí ẹran kan tó hù síbẹ̀. Ó fi oògùn jó o níbẹ̀. Irú àyẹ̀wò yẹn ṣì wà títí dòní, àmọ́ kámẹ́rà kékeré ló wà lórí ọ̀pá náà báyìí. Kí síkáànù tó gbòde, bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lára ìyá kan, ohun tó kàn ni kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fún un lóògùn oorun, kí wọ́n sì ha inú ilé ọmọ rẹ̀. Síkáànù ti gba ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ ìyẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é?

Ti àkọ́kọ́ ni ti orí ikùn. Wọ́n á ní kí ìyá mu omi púpọ̀ kó má sì tọ̀, torí pé àpò ìtọ̀ tó kún ń ṣí ojú ọ̀nà fún ìró láti dé ilé ọmọ. Èkejì ni ti ojú ara. Fún eléyìí, ṣe ni wọ́n á ní kó lọ tọ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Orí ẹ̀rọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi rọ́bà tuntun bò ó, wọ́n á sì rọra fi sí ojú ara. Nítorí pé ó sún mọ́ ilé ọmọ pẹ́kípẹ́kí, wọ́n lè lo ìró tó ń gbọ̀n jù, àwòrán rẹ̀ sì máa ń hàn dáadáa. Èyí ni àwọn oníṣègùn fẹ́ jù fún ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn ìyá wa. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá ní kí obìnrin ló ṣe é, tàbí kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì yín, tàbí kí ọmọ yín obìnrin wà nínú yàrá. Àyẹ̀wò náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó bá dùn yín, ẹ sọ ọ́. Wọ́n á dúró.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìlà funfun kan ni àwọn tó ń ṣe síkáànù ń wá?

Ẹ bá mi wo ojú ẹ̀rọ náà. Ilé ọmọ hàn ní àwọ̀ eérú. Láàárín rẹ̀, ìlà kan tó funfun ju ara yòókù lọ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá sí ọrùn ilé ọmọ. Ìlà yẹn ni awọ inú ilé ọmọ, apá iwájú àti apá ẹ̀yìn tó fara kan ara wọn. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò á dá àwòrán náà dúró, á wá ibi tí ìlà ti nípọn jù, á fi àmì àgbélébùú kékeré kan sí etí rẹ̀ lápá kan, á fi òmíràn sí etí kejì. Nọ́ńbà kan á jáde nísàlẹ̀, ní mìlímítà.

Lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, awọ yìí lè nípọn tó mìlímítà 16 kí nǹkan oṣù tó dé. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti tán, ó yẹ kó fẹ́lẹ́. Fún ìyá tó rí ẹ̀jẹ̀, mìlímítà 4 ni ààlà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin ní Amẹ́ríkà tẹnu mọ́ ní 2018. Bó bá jẹ́ 4 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìdánilójú tó ju 99 nínú 100 lọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ. Bó bá ju 4 lọ, tàbí tí ìlà náà kò hàn délẹ̀, wọ́n á fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa díẹ̀ lára awọ náà lọ fún àyẹ̀wò.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ kan náà lè fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn?

Ní 1842, Christian Doppler ṣàlàyé pé ìró ń yí padà bí ohun tó ń mú un jáde bá ń sún mọ́ni tàbí tó ń jìnnà síni. Lórí ìmọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ pupa àti búlúù hàn lójú ẹ̀rọ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Bí wọ́n bá rí iṣan kan ṣoṣo tó wọ inú awọ tó nípọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pólíìpù. Nígbà mìíràn, wọ́n á rọra tú omi iyọ̀ tó mọ́ sínú ilé ọmọ, kí ògiri rẹ̀ méjèèjì lè yà, kí ẹran tó hù síbẹ̀ lè dá hàn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ààlà mìlímítà 4 yẹn lè tan obìnrin dúdú jẹ?

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn gbọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Púpọ̀ nínú ìwádìí tó bí ààlà náà, ara àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2024, dókítà Kemi Doll ti Yunifásítì Washington ní Seattle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin dúdú 1,494 ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn. Àwọn 210 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ. Nínú àwọn 210 yìí, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá ni awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ kò tó mìlímítà 4 lójú síkáànù. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà yẹn nìkan ni wọ́n tẹ̀ lé, wọn ì bá ní kí àwọn obìnrin yìí máa lọ sílé.

Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, iju wọ́pọ̀ lára wa. Iju ń dí ìró lọ́nà, ó sì ń ti ìlà funfun náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kò fi ní rí i délẹ̀. Èkejì, irú jẹjẹrẹ tó le jù, tó lè hù lórí awọ tó fẹ́lẹ́, wọ́pọ̀ lára obìnrin dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ ń pa obìnrin dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tó ń pa nínú àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, síkáànù tó dára jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a lọ, ẹ ní kí wọ́n fa awọ náà fún àyẹ̀wò, kódà bí nọ́ńbà náà bá kéré.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ Kumasi fi hàn?

Kumasi ní ibi tí wọ́n ti ń ka àwọn tó ní jẹjẹrẹ láàárín ìlú. Nínú àkọsílẹ̀ ti 2012, jẹjẹrẹ ọmú ló ṣíwájú láàárín àwọn obìnrin. Ti ọrùn ilé ọmọ tẹ̀ lé e, ó tó nǹkan bí 29 nínú 100 jẹjẹrẹ àwọn obìnrin. Ti inú ilé ọmọ kò tó 5 nínú 100. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀: jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ náà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, síkáànù sì lè má rí i nígbà tó ṣì kéré. Dókítà gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ wo ọrùn ilé ọmọ. Bí wọ́n bá ya àwòrán tán tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò yín níbẹ̀, àyẹ̀wò kò tíì parí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà sí Dichemso?

Láti Dichemso, ààfin Asantehene ní Manhyia kò jìnnà, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Manhyia àti ní Tafo. Ọkọ̀ tro-tro kò ní pẹ́ kó tó gbé yín dé Kejetia, láti ibẹ̀ ẹ lè dé Komfo Anokye Teaching Hospital, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Gee. Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́ ọ, ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 1975, ìtọ́jú jẹjẹrẹ nípa ìtànṣán sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2004. Ẹ mú káàdì NHIS yín dání, ìyẹn ti ètò adójútòfò ìlera ìjọba Ghana. Síkáànù tí dókítà bá kọ wà lára àyẹ̀wò tí ètò náà ń san, ẹni tó ti pé 70 ọdún kì í sì í san owó ọdọọdún rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ghana ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ọmọ Ghana nìkan.

Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù ọ́fíìsì ìjọba fi ń ba àwọn kan nínú yín. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia tó wà lórí àlééfà nígbà náà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Ghana, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Kumasi ló sì túká. Ọmọdébìnrin tó jẹ́ ẹni ọdún 15 nígbà náà, tó dúró tàbí tó padà wá, ti lé ní 70 ọdún báyìí. Ọjọ́ orí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ló wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù àtijọ́ dá yín dúró sílé.

Ṣé ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi dókítà?

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà wá sílẹ̀, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo. Bí ẹ kò bá gbọ́ Twi tàbí Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ mú ọmọ tó gbọ́ dání. Ẹ béèrè pé: mìlímítà mélòó ni? Ṣé ìlà náà hàn láti òkè délẹ̀, àbí iju dí i? Ṣé ẹ ti wo ọrùn ilé ọmọ mi? Ṣé kò yẹ kí ẹ fa awọ náà fún àyẹ̀wò? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi ìyá yín léèrè ní kọ̀rọ̀, torí kò ní sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá sì ní kò sí nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ tún padà lọ.